Àwọn Ìwé Tí Ayétòrò Kò Kà Tán

Fìlà Bàbá Akínladé ni wọ́n rí. Wọn ò rí Bàbá.

Fìlà náà há sórí igi ẹlẹ́gùn-ún létí odò tó wà lẹ́yìn ìlú, àbàwọ́n pupa sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Kí oòrùn tó mú, ìdajì Ayétòrò ti dé etí odò. Àwọn apẹja ń fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ omi, àwọn obìnrin káwọ́ lérí, àwọn tó kàwé nínú wọn sì ń sọ ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú.

"Bàbá ti lọ sí Ìlú Abẹ́ Omi," ni olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wí, omi sì lé ròrò sí i lójú. "Wọ́n ti máa ń sọ pé àwọn á padà síbẹ̀."

Ìlú Abẹ́ Omi ni ìwé àkọ́kọ́ tí Bàbá Ọmọ́délé Akínladé kọ. Ọdẹ kan bọ́ sódò, ó bá ìlú ńlá nísàlẹ̀, ẹja ló ń jọba níbẹ̀, iwin sì ni ọlọ́pàá wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó kọ Ẹṣin Afẹ́fẹ́ àti Òkè Tó Ń Sùn. Ní gbogbo agbègbè wa, ọmọdé ń jà nítorí ìwé mẹ́ta yẹn. Lẹ́yìn náà, Bàbá tún kọ mẹ́ta mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò kà tán. Èmi ò ka ìkankan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bọ́ọ̀lù ni mo gbá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ka ìwé, ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ sájẹ́ẹ̀tì títí di òní.

Nàfíù lorúkọ mi. Ọ̀gá mi ni Ìnspẹ́kítọ̀ Lábísí Málọmọ́. Ẹ má bínú pé mo ń pè é ní "ó" nínú ìtàn yìí. Lójú rẹ̀, n kò tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi já fìlà náà kúrò lórí ẹ̀gún, ó fi àtàǹpàkò ra àbàwọ́n náà, ó gbé e símú.

"Nàfíù, fọwọ́ kàn án."

"Ọ̀gá, n kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ òkú."

"Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gbẹ máa ń le gbagidi. Èyí ṣì rọ̀ minimini. Epo pupa ni."

A gbé e dé iwájú Díípíò, ọ̀gá pátápátá ní àgọ́ wa. Díípíò kò fẹ́ gbọ́. "Epo ni tàbí ẹ̀jẹ̀ ni, Lukman ọlọ́kadà gbé àgbàlagbà jáde ní ìdájí, òun nìkan ló padà. A bi í, ó ń parọ́. Kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀, ó ń lọ sí Abẹ́òkúta lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn. Àfi tí ẹ bá mú Bàbá wá síwájú mi, kí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn."

Níta, ìyá Lukman, Màmá Aishat, jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú fúláàsì ẹ̀kọ gbígbóná tí wọn ò jẹ́ kó gbé wọlé. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé tí òun bá ṣẹ́jú, wọ́n á gbé ọmọ òun gba ibòmíràn lọ. N kò lè wo ojú obìnrin yẹn.

*

"Níbo lo gbé Bàbá lọ?" ni ọ̀gá mi bi Lukman.

"Ọ̀nà Ìlaròó, Màdáámù."

"Ibo lójú ọ̀nà Ìlaròó?"

"A kọjá Ìbèsè. Wọ́n ní kí n já àwọn sílẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀. Mo já wọn, mo yí padà."

"Lẹ́yìn Ìbèsè, nínú igbó, o já bàbá arúgbó sílẹ̀?"

"Wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀ wá pàdé àwọn."

"Ta ni?"

"Wọn ò dárúkọ rẹ̀ fún mi."

Ọ̀gá mi dìde, ó jáde lọ sẹ́yìn àgọ́ níbi tí a de ọ̀kadà Lukman mọ́. Ó yí i po. Ó fi ìka fa ìlà sára táǹkì rẹ̀.

"Nàfíù, ìgbà wo lo dé Ìbèsè gbẹ̀yìn?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Báwo lo ṣe rí nígbà tó o dé ilé?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ní ṣé inú àpò èlùbọ́ ni mo sùn sí ni."

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ̀ ọ́n. Àwọn tírélà tó ń kó òkúta àti sìmẹ́ǹtì ń lọ, wọ́n ń bọ̀, eruku ibẹ̀ funfun, ó ń wọ ihò imú àti ìpéǹpéjú. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà Lukman pupa láti ẹsẹ̀ dé dígí. Ilẹ̀ pupa bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́nà Ìlaròó. Ọ̀nà ibodè ló ti wá, Ìjoun ni o, Ìmẹ̀kọ ni o, Ìlárá ni o.

"Irọ́ ló ń pa!" ni mo pariwo. "Ẹ jẹ́ kí n wọlé lọ bá a."

"Dúró síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń parọ́ ló pànìyàn. Ìpànìyàn lorúkọ ẹ̀sùn tá a kà sí i lọ́rùn, síbẹ̀ ohun mìíràn wà tó ń bà á lẹ́rù ju ìyẹn lọ. Kí ni?"

Lọ́dún tí wọ́n ti ibodè pa yẹn, ohun tó ń dẹ́rù ba èèyàn lágbègbè wa kò lóǹkà. Sójà wà lójú ọ̀nà, aṣọ́bodè wà nínú igbó, ilé epo tó sún mọ́ ibodè kò rí epo tà, ẹni tó bá gbé àpò ìrẹsì kan ṣoṣo kọjá á máa làágùn bí olè.

*

Àrìnpé, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá bí, ni Bàbá ń bá gbé. Ìrẹsì ló ń tà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, àpò ìrẹsì ilẹ̀ wa díẹ̀ ló kù.

"Ṣé Bàbá mọ ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ ibodè?" ni ọ̀gá mi bi í.

"Bàbá mi? Iwájú ilé yìí náà ni wọ́n mọ̀. Tí wọ́n bá ti rìn jìnnà, wọ́n dé ọjà."

"Ìyàwó ń kọ́?"

"Ìyá mi nìkan ni. Ìyá mi sì ti kú nígbà tí mo wà lọ́mọdé." Ó yára dáhùn, ó sì wo ibòmíràn.

A wọ yàrá Bàbá. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dáadáa. Fóònù rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti kú. Dígí ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì.

"Ṣé Bàbá ń lo oògùn?"

"Ti ẹ̀jẹ̀ ríru." Àrìnpé ṣí dúrọ́ọ̀, ó ṣí i tán pátápátá. "Hẹ̀ẹ́n? Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀, mo sì rí i pé èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ bọ́ sódò kì í di oògùn dání," ló sọ fún mi. "Ẹni tí wọ́n sì jí gbé kì í ráyè mú un. Ọkùnrin yìí fẹ́ pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ni. Kí ló ṣe tó fi dígí sílẹ̀?"

"Bóyá wọ́n gbàgbé ni."

"Tàbí kí ó mọ̀ pé níbi tí òun ń lọ, òun ò ní kàwé."

Bí a ṣe ń jáde, ọ̀gá mi rí páálí kan lábẹ́ ẹsẹ̀ fírísà, òun ni wọ́n fi gbé fírísà náà sókè kí omi má bàa dé abẹ́ rẹ̀. Ìwé ló kún inú rẹ̀. Ìwé mẹ́ta ìkẹyìn ni, àwọn tí kò tà.

"Ẹ bá mi gbé fírísà yìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ni Àrìnpé wí. "Orí Bàbá ti ń dàrú nígbà tí wọ́n kọ ìyẹn. Wọn ò rántí orúkọ àwọn èèyàn inú ìtàn wọn mọ́. Gbogbo èèyàn ló sọ ọ́."

*

Abẹ́ igi fúrúùtù nínú ọgbà àgọ́ ni ọ̀gá mi jókòó sí, ó ń kàwé. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Lukman wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyá rẹ̀ wà lórí pèpéle, sójà wà lójú gbogbo ọ̀nà ibodè, ẹni tó yẹ kó wá ojútùú sí i sì ń ka ìtàn iwin.

"Ọ̀gá, ṣé kí n wá pè yín nígbà tí wọ́n bá gbé Lukman dé ìdajì ọ̀nà Abẹ́òkúta?"

"Fún mi lómi."

Mo fún un. Ó ka ìwé kẹrin, ó ń fojú fò ó, ó sì jù ú sílẹ̀. "Nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù wáàn, èyí ni mo rà kẹ́yìn. Mo sunkún lórí rẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ orí mi ló fà á, àṣé ìwé náà ni kò dára. Iwin lórí iwin, dírágónì lórí ẹṣin, kò sí ọkàn nínú ẹ̀. Ọdún tó kọ ọ́ ni ọdún tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ó ń wá ara rẹ̀ kiri nínú ìwé rẹ̀ àtijọ́, kò rí i."

"Ìkẹrin ló wá lé gbogbo yín sá."

"Gbogbo wa pátá. Kò sẹ́ni tó ka ìkarùn-ún tán."

Ó mú ìkarùn-ún. Agbo Ilé Aláǹtakùn lorúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó dákẹ́ ìkùnsínú. Ó ń ṣí ewé díẹ̀díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ó tún nu ojú lẹ́ẹ̀kan. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́.

"Nàfíù, ó dára. Ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ogójì ọdún ni ìwé yìí ti wà láyé, mo sì rò pé mo mọ Bàbá Akínladé. Gbọ́ eléyìí." Ó kà á sókè: "'Ìyàwó náà bu omi lọ fún ọkọ rẹ̀ kékeré, Eyínfúnjowó, ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, Ọkọ mi, omi rèé o, mo gbé e síbí, mi ò wọlé.'"

"Ta ni Eyínfúnjowó?"

"Ọmọbìnrin kékeré kan nínú ilé náà. Tí ó bá bínú, gbogbo ilẹ̀kùn ìlú á ti ara wọn. Kò sí ibi tí ìwé yìí ti dárúkọ rẹ̀ gan-an. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sínú ilé náà. Akẹ́wì, Ìbàdí-Àrán, Ọkọ Mi Àgbà, bẹ́ẹ̀ ló ń pè wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ní Bàbá ti gbàgbé orúkọ."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀ náà."

Ọ̀gá mi pa ìwé náà dé sórí ìka rẹ̀. "Kí ni ìyàwó rẹ ń pe àbúrò rẹ?"

"Àúdù? Agùntáṣọọ́lò ló ń pè é."

"Kò pè é ní Àúdù rí?"

"Kó pe Àúdù lórúkọ? Wọ́n bí Àúdù sílé kí ó tó dé o. Ìyá mi á gbé e..." Mo wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ náà ń kọ́? Agùntáṣọọ́lò lo máa ń pè é?"

"Èmi? Àbúrò mi? Àúdù ni mò ń pè é, tí ó bá ti múnú bí mi, mo tún ń pè é ní ẹran."

"Ó dára. Ọkùnrin tí wọ́n bí sínú ilé kò ní ìdí tí yóò fi fún ọmọ ara rẹ̀ lórúkọ àpèmọ́ra bẹ́ẹ̀, kò sì ní pe ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá ní ọkọ rẹ̀. Bàbá kò gbàgbé orúkọ kankan. Ẹni tó ń sọ ìtàn yìí ni kò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Ìyàwó ilé ni."

"Ọ̀gá, orúkọ Bàbá ló wà lára ìwé."

"Ìyẹn ló tàn wá jẹ. Ká ní orúkọ obìnrin ló wà níbẹ̀, ọmọdé á ti mọ̀ ọ́n lójú ewé kìn-ín-ní."

N kò fẹ́ kó tètè borí mi. "Òǹkọ̀wé lè fi ẹnu obìnrin sọ̀rọ̀."

"Bàbá dán an wò nínú ìwé kẹrin. Ayaba kan wà níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí kọ́pùrù tó ń pàṣẹ fún ríkúrúùtì." Ó dìde, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. "Àrìnpé ní ìyá òun nìkan ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kú kí ìwé kẹrin tó jáde. Ìyàwó tó ń sọ ìtàn inú ìkarùn-ún dé lẹ́yìn rẹ̀, ó bá ọmọbìnrin kan nílé, ọmọ náà sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Obìnrin kan wà níbì kan, Nàfíù. Òun ni Bàbá lọ bá. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìtàn kò nílò dígí ojú."

"Níbo wá ni?"

Ó ju ìwé kẹfà sí mi. Ilé Ojú Ààlà. "Kà á."

"Èmi?"

"Ìwọ ni o. Ìwọ lo mọ ibodè jù mí lọ."

Mo kà á. Ó yà mí lẹ́nu pé mo kà á. Ìyàwó kan ni, ìjọba méjì pàdé nínú ilé bàbá rẹ̀: tí ó bá ń rokà nínú ilé ìdáná, ọba kan ló ń ṣàkóso rẹ̀, tí ó bá gbé oúnjẹ dé yàrá, ó di ọmọ ìlú ọba mìíràn. Àwọn ọba méjèèjì ń jà nítorí ta ni yóò gba owó ibodè lórí ọbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí tí Màmá Aishat fi gbójú sókè wò mí lórí pèpéle, ojú sì tì mí. Lẹ́yìn náà ni mo fò dìde.

"Ọ̀gá! Ìlárá ni! Ààlà gba inú ìlú yẹn kọjá. Mo mọ agbo ilé tó jẹ́ pé ilẹ̀ àwọn elédè Faransé ni wọ́n ti ń dáná, Nàìjíríà ni wọ́n ti ń jẹun!"

*

Ọ̀sán ń rọlẹ̀ lọ nígbà tí a padà sọ́dọ̀ Àrìnpé. Ọ̀gá mi kò jókòó.

"Ta ló ń pè ọ́ ní Eyínfúnjowó?"

Àrìnpé ń gbọn àpò òfìfo. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwé tó wà lábẹ́ fírísà rẹ."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Jẹ̀mílátù lorúkọ ẹ̀, Ìyá Jẹ̀mílátù ni àwọn aládùúgbò ń pè é. N ò mọ ìlú tó ti wá, ará ibodè la máa ń pè é. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà tó dé. Mo ti ara mi mọ́ yàrá ìyá mi, mi ò jẹun rẹ̀, mi ò kí i. Ojoojúmọ́ ló ń gbé omi sẹ́nu ọ̀nà." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Nígbà tí mo kọ́ ilé yìí, mo ní kí Bàbá wá máa bá mi gbé, àmọ́ kí obìnrin yẹn má tẹ ẹnu ọ̀nà mi. Kò jà. Ó di ẹrù ẹ̀, ó lọ. Bàbá ò sì kọ ìwé mọ́ látọjọ́ náà. Èmi rò pé ọjọ́ ogbó ni."

Kò sí ẹni tó bá a wí. Ó ti bá ara rẹ̀ wí tán.

A gba ọ̀dọ̀ Lukman lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀gá mi sọ: "Ìyá Jẹ̀mílátù ń kọ́ o? Ṣé ara wọn le?"

Ojú Lukman yí padà. Ó wo èmi, ó wo ọ̀gá mi, ó dorí kodò. "Ara wọ́n le, Màdáámù. Ara Bàbá náà le. Wọ́n wà lọ́hùn-ún."

"Sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀."

"Gbogbo ọjọ́ ọjà ni Màmá máa ń gbé ẹ̀gúsí wá s'Áyétòrò. Bàbá á lọ jókòó tì wọ́n, wọ́n á jọ máa bó ẹ̀gúsí, Màmá á máa sọ̀tàn. Tó bá dìrọ̀lẹ́, èmi ni mò ń gbé Màmá padà. Ìgbà tí wọ́n ti ibodè, tí sójà ń dààmú èèyàn lọ́nà, Màmá ò wá mọ́. Bàbá fara dà á títí. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ, kí n má sọ fún ọmọ àwọn."

"Kí ló dé tí o fi sọ pé Ìbèsè lo gbà?"

Ó ń họ orí. Ọ̀gá mi ràn án lọ́wọ́: "Kí lo gbé pẹ̀lú Bàbá?"

"Bẹntiróòlù," ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ. "Kẹ́ẹ̀gì méjì. Ilé epo wọn ò rí epo tà lọ́hùn-ún, Màdáámù, ẹ̀rọ ìlọta ti dákẹ́. Bàbá jókòó sáàárín kẹ́ẹ̀gì, wọ́n fi agbádá bò ó. Ẹ̀bá odò la gbà ká má bàa pàdé sójà. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi rọ epo pupa tẹ́lẹ̀ ni, ó ń jò díẹ̀, ó ta sí fìlà Bàbá. Ẹ̀gún wá já fìlà náà. Bàbá ní kí n má dúró."

Mo pàtẹ́wọ́. "O wá yan ẹ̀sùn ìpànìyàn lórí kẹ́ẹ̀gì epo!"

"Mo rò pé Bàbá á tètè dé ni, Sájẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá sọ ti epo, ẹ̀wọ̀n nìyẹn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì gba ọ̀kadà. Tí mo bá dákẹ́, Bàbá kàn máa wọlé ni."

Ọ̀gá mi wò ó títí. "Èmi ò rí kẹ́ẹ̀gì kankan," ló wí, ó sì jáde.

A sọ gbogbo rẹ̀ fún Díípíò, àyàfi ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì. Ó gbọ́ ọ tán. "Ìtàn dídùn ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìtàn kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níwájú mi. Bàbá ni kẹ́ ẹ mú wá."

*

Kùtùkùtù la gbéra, Àrìnpé jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Aṣọ ọlọ́pàá tá a wọ̀ náà kò gbà wá lọ́wọ́ sójà. Wọ́n ṣí búùtù wa, wọ́n yọ táyà àlòkù, wọ́n fi iná tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ àga. Ẹ̀rù ń bà mí. Èèyàn lè ro ọ̀rọ̀ já gaara, kó sì débẹ̀ kó bá òkú.

Ní Ìlárá, obìnrin kan tó ń fọ aṣọ juwọ́ sí ilé kan fún wa. A gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ọkùnrin arúgbó kan jókòó sórí ẹní láìdé fìlà, ó di ojú, ó ń gbọ́. Obìnrin arúgbó kan jókòó tì í, ó ń bó ẹ̀gúsí, ẹnu rẹ̀ ń lọ: "...ni ìyàwó bá ní, ẹ̀yin ọba méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù ná..."

"Bàbá!" ni Àrìnpé ké.

Bàbá Akínladé lajú. "Àrìnpé? Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni mo dáhùn. N kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. Mo jókòó sórí odó, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ọ̀gá mi kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fi ìka nu ojú. Àgbàlagbà náà yè, ara rẹ̀ dá, oògùn rẹ̀ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹni sọ òkè kalẹ̀ lórí ló rí fún mi.

Ìgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Lukman, Bàbá dìde kíá. "Nítorí mi? Ọmọ Màmá Aishat? Ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ jẹ́ ká lọ." Ìyá Jẹ̀mílátù gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó kó oògùn Bàbá, ó dì í sínú aṣọ kékeré, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Àrìnpé kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gúsí. "Ẹ bá wa lọ, Mà."

"Sílé ta?"

"Ilé yín."

Ìyá Jẹ̀mílátù ń wò ó. "Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ń kọ́?"

"Màá yọ ọ́ dànù, Mà." Ẹkún gba ohùn lọ́wọ́ Àrìnpé. "Ẹ dáríjì mí."

"Dìde. Ta ní í jẹ́ kí ọkọ òun kúnlẹ̀ fún òun?" Ó fà á dìde, ó sì gbá a mọ́ra. Ọ̀gá mi yọjú sí oòrùn, ó ní tí a bá fẹ́ sunkún, ká sun ún nínú ọkọ̀.

Níbi àyẹ̀wò àkọ́kọ́, sójà kan na ìka sí Ìyá Jẹ̀mílátù. "Who be this one?"

Bàbá gbé ohùn sókè kí ọkọ̀ ẹ̀yìn wa lè gbọ́: "Ìyàwó mi ni!"

*

Oòrùn ti ń pọ́n nígbà tí a já sí àgọ́. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Abẹ́òkúta ti ń rú èéfín. Lukman ti wà nínú rẹ̀, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Màmá Aishat sì di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ọlọ́pàá méjì ń bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́.

Bàbá Akínladé kò dúró kí a mú un sọ̀kalẹ̀. Ó rìn lọ síwájú Díípíò, ó dúró ṣánṣán.

"Èmi ni wọ́n pa," ló wí. "Ẹ tú ọmọ yẹn sílẹ̀."

Díípíò wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mí, èémí náà gùn. Mo wá rí i pé ọkùnrin náà kò fẹ́ gbé Lukman lọ tẹ́lẹ̀. "Ẹ tú u," ló wí. "Kíá."

Màmá Aishat fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀. Ó gbá orí ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fi ọwọ́ pa á lójú, létí, lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà pé kò jẹun. Àwọn èrò ti kún ẹnu ọ̀nà, olùkọ́ tó sọ̀rọ̀ Ìlú Abẹ́ Omi ń pariwo pé Olúwa ṣeun, ó ṣeun.

Nínú àgọ́, wọ́n gbé tádàwà jáde kí Lukman tẹ̀ka pé òun gba ẹrù òun padà. Ọ̀gá mi fa Ilé Ojú Ààlà yọ nínú báàgì rẹ̀. N kò rí i kó tijú rí, ṣùgbọ́n ó ń tijú.

"Bàbá, láti kékeré ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sínú ìwé kan fún mi."

Bàbá gba ìwé náà, ó wò ó, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Jẹ̀mílátù. "Èmi kọ́ ni mo ni eléyìí. Akọ̀wé ni mí."

"Mi ò mọ̀wé, Bàbá Àrìnpé."

Àrìnpé ló fà á lọ sídìí tábìlì. Ó di ọwọ́ ìyá náà mú, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ tádàwà ọlọ́pàá, ó sì gbé e sórí ewé àkọ́kọ́, lábẹ́ orúkọ Bàbá, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Gbogbo wa ń wò ó. Ìyá Jẹ̀mílátù gbé àtàǹpàkò dúdú náà sókè, ó wo Díípíò, ó wo ọ̀gá mi.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá," ló wí, "ní báyìí tí mo ti jẹ́wọ́, ṣé ẹ ò ní tì mí mọ́lé?"

Lukman ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.